Àwọ̀ Tí Mo Kọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòkò Aró

"Fúnmi! Ta ló ní kí o fọwọ́ kan omi àwọ̀ mi? Wọ́n sọ fún ọ pé ojú mi ti fọ́, àbí? Ìwọ tí o dé ibí tí o rò pé àwọ̀ ewé kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pò ó? Kúrò níwájú mi kí n má baà da omi yìí sí ọ lára!"

Bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀ gan-an nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́ mi. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò. Mo gbé ọ, mo wá jókòó sẹ́yìn àtíbàbà lábẹ́ igi obì, o sì ń sùn lórí itan mi bí ẹni pé ariwo yẹn kò kàn ọ́. Ìwé tí mo máa ń kọ ìbínú mi sí lójoojúmọ́ ni mo ṣí. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi, ìbínú náà sì wà nílẹ̀, ó tó ojú ewé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè tí mo rí àwọn aṣọ tó wà lórí okùn níwájú mi, ìbínú náà wábi gbà lọ. Mo rí i pé ìwọ ló yẹ kí n kọ̀wé sí.

Oṣù mẹ́rìnlá péré lo ṣì wà láyé. Èmi náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ìwé mi ò sì kọjá kíláàsì karùn-ún girama, torí oyún rẹ ni mo gbé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń múra ìdánwò. Mo mọ̀ pé àwọn òbí máa ń dúró kí ọmọ dàgbà kí wọ́n tó kọ irú lẹ́tà báyìí. Èmi ò fọkàn tán ìrántí mi. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu lónìí lè má yà mí lẹ́nu mọ́ tí mo bá di àgbàlagbà tó mọ gbogbo nǹkan. Torí náà, kà á lọ́jọ́ tí o bá ń di ẹrù rẹ láti fi ilé mi sílẹ̀, yálà iṣẹ́ ló gbé ọ lọ, tàbí ọkọ, tàbí ìlú míì. Ó ṣeé ṣe kí n máa sunkún lọ́jọ́ náà débi pé mi ò ní lè sọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó pariwo. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìlá ń pè wọ́n, Màmá ni èmi ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí o pé oṣù mẹ́ta, ìyá mi mú mi láti Ọ̀rà wá bá wọn pé kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Níṣojú mi ni ìyá mi ṣe ní, "Ẹ bá mi gbà á mà. Inú bíbí nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe." Màmá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní inú bíbí dára fún aró, aró náà máa ń bínú, wọ́n á bá ara wọn mu. Bí mo ṣe dọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó fa ariwo òní nìyí. Ilé ìwé kan fẹ́ ṣe eré ìdíje, wọ́n sì kó aṣọ funfun wá kí a rẹ ẹ́ sí oríṣi mẹ́rin fún ilé mẹ́rin tí wọ́n pín àwọn ọmọ sí: pupa, yẹ́lò, búlúù, àwọ̀ ewé. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Lánàá, Màmá fúnra wọn ló po àwọ̀ ewé. Mo dúró tì wọ́n. Wọ́n po yẹ́lò, wọ́n bu búlúù sí i, wọ́n wò ó, wọ́n ní búlúù rẹ̀ ò tíì jáde. Wọ́n tún bu búlúù. Wọ́n wò ó. Wọ́n tún bu. Lójú tèmi, omi yẹn ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo èèyàn kan lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò dá a lójú bóyá òun mọ̀ ọ́n àbí òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo rántí pé lóṣù tó kọjá wọ́n sá aṣọ kan tó funfun báláú, wọ́n ní yẹ́lò rẹ̀ dára. Mo rántí pé wọ́n fi òwú búlúù rán aṣọ dúdú, wọn ò sì mọ̀. Mo wá wo inú ojú wọn dáadáa, mo rí nǹkan kan lórí ọmọlójú méjèèjì, ó dà bí omidùn ògì. Màmá tó kọ́ mi ní àwọ̀ kò rí àwọ̀ mọ́.

Àǹtí Bísí, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, ti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n wálé ọdún pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ojú ìyá òun ti ń bàjẹ́, òun á wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ òun, òun á sì ti àtíbàbà yìí pa. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí bí Màmá ṣe yíjú sí ìkòkò wọn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń jí sídìí ìkòkò yìí. Ẹni tó bá gbé wọn kúrò níbẹ̀, àfi kó wá nǹkan míì tí wọ́n á máa jí fún. Mo dábàá ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kò sóhun tó ṣe ojú àwọn, oòrùn ìsinsìnyí ni kì í mọ́lẹ̀ bíi ti àtijọ́.

Torí náà, nígbà tí wọ́n lọ kí aládùúgbò wa kan tó bímọ, mo da omi náà nù, mo po òmíràn, mo sì rẹ aṣọ sínú rẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Lónìí wọ́n gbé agolo yẹ́lò, ó fúyẹ́. Wọ́n tọ́ omi náà wò láàárín ìka méjì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn. Ojú lè tan Màmá jẹ, ọwọ́ ò lè tàn wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n ké.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn rẹ nìyí.

Èkíní. Má tijú orúkọ tí wọ́n fún nǹkan nílé rẹ, má sì rò pé o ti mọ nǹkan torí pé o mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní pámárì, tíṣà na ọ̀pá sí àwòrán ewé, wọ́n ní kí n dárúkọ àwọ̀ rẹ̀. Mo ní dúdú. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ṣubú lórí bẹ́ńṣì. Àbẹ̀kẹ́, ohun tí bàbá mi máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá dúró létí oko wa l'Ọ́rà: iṣu ọdún yìí dúdú o. Ó túmọ̀ sí pé ewé rẹ̀ yó, pé ebi ò ní pa wá. Dúdú, funfun, pupa, mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ń pe gbogbo ayé nílé wa, ohun tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á fi í wé nǹkan. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n há gíríìnì, búlúù, yẹ́lò sórí bí orin. Mo wá ń fi í yan lójú ìyá mi.

Lọ́jọ́ kìíní tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n nawọ́ sí igi obì yìí gan-an, wọ́n ní àwọ̀ wo ni mo rí. Mo ní gíríìnì, mo sì gbé orí sókè.

"Gíríìnì wo?" ni wọ́n wí. "Mo rí mẹ́fà níbẹ̀."

Wọ́n wá ń kà á fún mi. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ṣì pupa díẹ̀ létí. Ewé tó ti gbó. Ẹ̀yìn ewé. Ewé tó wà nínú òjìji. Ewé tí oòrùn ń gbà lára rẹ̀ kọjá. Ewé tó ń kú lọ tó ti ń ya rúsúrúsú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, èmi náà rí ìkeje tí wọn ò kà, níbi tí òjò ti lẹ̀ mọ́ ewé. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń rìn kọjá lábẹ́ igi obì láyé mi, mi ò rí igi kankan rí. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi ò ti sinmi mọ́. Tí wọ́n bá sọ fún ọ níbi iṣẹ́ rẹ pé ẹnì kan dára tàbí pé ó burú, bi ara rẹ pé èwo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí o sì wá ìkeje fúnra rẹ.

Èkejì. Màmá gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú mi: pupa, yẹ́lò, búlúù. Wọ́n ní àwọn mẹ́ta yìí ò níyàá, kò sẹ́ni tó lè pò wọ́n, ṣe la bá wọn láyé, àwọn ló sì bí gbogbo èyí tó kù. Wọ́n bu yẹ́lò díẹ̀ sínú pupa, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n jáde. Wọ́n bu pupa díẹ̀ sínú búlúù, elésè àlùkò jáde. Wọ́n ro búlúù díẹ̀ mọ́ yẹ́lò, oko wa odindi sì jáde látinú abọ́ oníke, Àbẹ̀kẹ́. Mo wo ìsàlẹ̀ abọ́ náà pé níbo ni ewé wà kí wọ́n tó rò ó. Yẹ́lò ò ní i. Búlúù ò ní i. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ní ìgbà tí èmi àti bàbá ọmọ mi wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níbo ni Àbẹ̀kẹ́ wà.

Nísinsìnyí, àṣìṣe mi. Mo rò ó pé tí méjì bá lè bí ohun tó dára tó báyìí, a jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ á bí àwọ̀ tí ojú ò rí rí. Mo dúró kí Màmá wọlé lọ jẹun, mo da abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo rò ó, mo ń retí àrà. Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà Ọ̀tan nígbà òjò. Mo jókòó tì í mo ń sunkún títí Màmá fi jáde. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní kí n ti aṣọ kan bọ̀ ọ́ kó má baà ṣòfò, òun ni ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́. Wọ́n wá bu ìkán kan péré nínú pupa, wọ́n kán an sínú àwọ̀ ewé kan tó ń tàn jù, tó ń gún mi lójú. Àwọ̀ ewé náà rọlẹ̀, ó fara balẹ̀, ó wá dà bí ewé gidi. Pupa ni ọ̀tá àwọ̀ ewé, Màmá ní gbogbo àwọ̀ ló ní ọ̀tá tirẹ̀: ọ̀tá búlúù ni àwọ̀ ọsàn, ọ̀tá yẹ́lò ni elésè àlùkò. Tí o bá gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú á máa tàn ju bó ṣe ń tàn lọ. Tí o bá pò wọ́n pọ̀ jù, wọ́n á pa ara wọn. Ìkán kan ṣoṣo sì máa ń tún ìwà àwọ̀ kejì ṣe. Ọmọ mi, ẹni tí ìwà rẹ̀ bá lòdì sí tìrẹ, má sá fún un. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gba ìkán díẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n má da ara rẹ sínú rẹ̀ tán.

Èyí tó kàn ṣòro fún mi láti kọ. Ọ̀sán kan, a sá aṣọ pupa fòò kan sórí okùn. Mò ń fún ọ lọ́mú, mo ń wo aṣọ náà, ọkàn mi ò sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ló wà. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sórí aṣọ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí aṣọ míì lórí rẹ̀ tó ń léfòó, aláwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó sá a síbẹ̀. Mo gbé ọ, mo sá wọlé, mo ní Màmá, ẹ gbà mí, nǹkan ti bọ́ sórí okùn wa. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí iwin kankan níbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ tún un wò. Mo tún un wò. Ó tún yọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú yẹ́lò, elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló jáde.

"Ojú tó bá wo pupa pẹ́," ni Màmá wí, "á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí pupa ò ní."

Bàbá rẹ kì í ṣe èèyàn burúkú, Àbẹ̀kẹ́. Mo wò ó pẹ́ jù ni. Fún ọdún kan gbáko, mi ò wo ìwé, mi ò wo ọ̀rẹ́, mi ò wo ojú ìyá mi. Nígbà tó wá lọ, ibi gbogbo tí mo bá yíjú sí, àìsí rẹ̀ ni mò ń rí, ó ń léfòó lórí ohun gbogbo bí aṣọ yẹn, mo sì rò pé nǹkan gidi ni. Ojú mi ló rẹ̀. Ohun yòówù kí o fẹ́ràn, iṣẹ́ ni o, ọkọ ni o, máa gbé ojú kúrò lára rẹ̀ lóòrèkóòrè kí o wo ibòmíì. Ìgbà yẹn ni wàá rí i bó ṣe rí gan-an.

Mi ò ka iye ìmọ̀ràn tí mo ti kọ mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Yàtọ̀ sí àwọ̀ inú agolo, Màmá ní ìkòkò amọ̀ kan tí wọ́n ń fi ewé èlú àti omi eérú ṣe aró inú rẹ̀, bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n fa aṣọ jáde nínú rẹ̀, mo ti ń retí búlúù. Aṣọ jáde, àwọ̀ ewé tó ṣàárẹ̀ ni, ó fẹ́ jọ ìtọ̀ màlúù. Mo rò pé mo ti ba aṣọ olóhun jẹ́. Kí Màmá tó yíjú, mo ti kì í bọ inú omi ọṣẹ, mo ń fọ̀ ọ́ kíkankíkan, mo ń gbàdúrà. Màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n fa aṣọ náà jáde, wọ́n nà án sójú afẹ́fẹ́, wọ́n ní kí n dúró. Mo ní kí la ń dúró dè? Wọ́n ní kí atẹ́gùn fẹnu kàn án.

Láti etí rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Búlúù ń rákò bọ̀, ó ń jẹ àwọ̀ ewé náà lọ sí àárín, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá ó ti di aró. Apá ibi tí mo ti fọ̀ nìkan ló ṣá, ó rí pátipàti bí ojú ẹni tó sunkún. Mo ti rẹ aṣọ tó ọgọ́rùn-ún láti ìgbà náà, ẹnu ò sì yé yà mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí tó jọ ọ́. Ọjọ́ tí mo bí ọ, o jáde ní àwọ̀ aró, o ò ké, nọ́ọ̀sì sì dákẹ́ lọ́nà tí mi ò fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà o mí. Àwọ̀ náà sá kúrò lára rẹ láti àyà lọ sí ìka ẹsẹ̀, o pọ́n wẹ̀, o sì lọgun mọ́ gbogbo wa. Èmi ti rí atẹ́gùn tó ń sọ nǹkan di ohun tó jẹ́. Torí náà, ohun tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde, yálà ìgbéyàwó tuntun ni tàbí iṣẹ́ tuntun, tó bá jáde ní àwọ̀ tí o ò retí, má sáré fọ̀ ọ́. Nà án sójú afẹ́fẹ́ ná.

Ó ku èyí. Ẹni tó ń rẹ aṣọ lè sọ funfun di yẹ́lò, ó lè sọ yẹ́lò di àwọ̀ ewé, ó lè sọ àwọ̀ ewé di dúdú. Kò lè padà sẹ́yìn. Funfun tí o ń rí lára àdìrẹ, kì í ṣe pé a kùn ún. Ibi tí a ti dì kí aṣọ tó wọ inú aró ni, tí a so gírígírí kí aró má ráyè wọ̀ ọ́. Èmi ò di nǹkan kan nígbà tí mo wọnú aró tèmi lọ́dọ̀ bàbá rẹ. Ìwọ, kí o tó wọlé ẹnikẹ́ni tàbí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni, mọ ibi tí o fẹ́ kó ṣẹ́ kù ní funfun, kí o sì dì í.

Ó tó. Ire ni kó máa bá ọ rìn níbi tó o bá ń lọ, ọmọ tó mí tí ayé fi yí àwọ̀ padà lójú mi. Èmi ìyá rẹ, Fúnmiláyọ̀.

Mo ti fọwọ́ sí i tán bẹ́ẹ̀ kí Màmá tó pè mí. Mo tún mú bírò báyìí torí ohun tí wọ́n pè mí fún.

Wọn ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí mo dé iwájú àtíbàbà, wọ́n jókòó lórí àpótí wọn, wọ́n kọjú sí oòrùn, wọ́n sì tẹ́ aṣọ tí mo rẹ sórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lọ pa á bọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo sì gbé ọ lé ejìká.

"Irú àwọ̀ ewé wo lo pò?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní ṣé ẹ ò rí i ni, mà. Ọlọ́run ló mú ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lọ́fun. Wọ́n ń béèrè ni. Màmá tó kọ́ mi pé mẹ́fà ló wà lórí igi kan ń béèrè lọ́wọ́ mi.

"Bí ewé kókò ni, mà," ni mo fèsì. "Èyí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀, tí oòrùn wá ń gbà lára rẹ̀ kọjá."

Ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ náà.

"Ewé kókò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò tàn jù. Mo kán pupa díẹ̀ sí i."

"Ìkán mélòó?"

"Ọ̀kan, mà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn náà ì bá kán ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ìkòkò amọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ìkòkò náà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: "Ṣé ó ṣì ń yí padà tó bá rí atẹ́gùn?"

"Ó ṣì ń yí padà, mà."

"Ó pẹ́ tí mo ti rí i. Eérú ni gbogbo rẹ̀ lójú mi báyìí. Má sọ fún Bísí."

Mo ní mi ò ní sọ. Wọ́n wá ní kí n má rò pé àwọn ti gbàgbé yẹ́lò tí mo fi ṣòfò, kí n dìde kí n lọ fọ abọ́, ọmọ oníbìínú lásánlàsàn. Mo fọ abọ́. Omijé mi ń kán sínú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì sọ fún àwa ìyá ọmọ pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn náà ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní àwọn arúgbó tí nǹkan funfun bo ọmọlójú wọn, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò. Ó ní wọ́n yọ ti bàbá òun náà, nígbà tí wọ́n sì tú ojú bàbá, ohun tí bàbá kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló kun sánmọ̀. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ni mò ń wò. Lónìí mi ò rí ohun míì rò. Mò ń rò ó pé Màmá á na aṣọ sójú atẹ́gùn, wọ́n á sì tún rí i bó ṣe ń rákò bọ̀ láti etí.

Tí mo bá sọ fún wọn pé ojú wọn la fẹ́ lọ wò, wọn ò ní lọ. Tí mo bá sọ fún Àǹtí Bísí, mo ti da àdéhùn mi, wọ́n á sì gbé Màmá lọ. Ìyá mi náà ò ní lè pa á mọ́ra. Torí náà mi ò ní sọ fún ẹ̀dá kankan. Títí di Ọjọ́bọ̀, ojú mi á máa pọ́n, màá máa nù ún. Màá ní sódà tó ń jóni lọ́wọ́, tí a ń bù sí àwọ̀ agolo, ló ta sí mi lójú, mi ò ríran dáadáa, mi ò lè dá gbé ọmọ gun ọ̀kadà, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé Àbẹ̀kẹ́ dání. Wọ́n á bú mi dáadáa. Wọ́n á sì tẹ̀ lé mi, torí wọn ò lè gbà kí ẹlòmíì gbé ọ. Màá ti sọ̀rọ̀ sétí nọ́ọ̀sì kó tó kàn wá, pé kó ní kí àgbà kọ́kọ́ jókòó síwájú dókítà kí ọmọdé tó jókòó. Tí dókítà bá sì bi mí níwájú wọn pé ojú wo ló ń dùn mí nínú méjèèjì, màá ní méjèèjì ni.